Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ìwé Wáyà

Ojú ewé kan ṣoṣo ni ìwé tí Wáyà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti ṣàlàyé ohun tó ṣe lọ́jọ́ Ẹtì. Afimúfínlẹ̀ ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò rí nǹkan gidi kan dì mú níbẹ̀. Ó wá yí i padà láti wò ó bóyá ọmọkùnrin náà kọ̀wé sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Wáyà kò kọ nǹkan kan sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà ló ti ṣáájú rẹ̀ tẹ tirẹ̀ síbẹ̀: àkókò tí ìwé náà jáde, ìlà òǹkà bíi mẹ́wàá, àti àwòrán odò kan tó gé sí ìdajì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú, ni àkókò náà.

Ó tún un kà. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láti ọrùn lọ sókè. Kò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ju kó fi ka lẹ́tà lọ, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ọjọ́ Àbámẹ́ta túmọ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì mọ ohun tí òun ti fi ẹnu òun sọ ní wákàtí kan sẹ́yìn.

Ní ilé-iṣẹ́ omi yìí, Àwòṣe Odò ni olórí iṣẹ́. Ètò kan ni nínú kọ̀ǹpútà: ẹ ó sọ iye òjò tó rọ̀ lókè odò fún un, òun náà á sọ ibi tí omi máa ga dé nísàlẹ̀ fún yín, kí àwọn tó ń gbé etí odò lè tètè gbọ́. Àwòṣe náà kò lè dá ṣiṣẹ́. Ó nílò kọ̀ǹpáílà, irinṣẹ́ tó ń sọ ohun tí ènìyàn kọ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì, Wáyà tó ń tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe sọ ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà ńlá dọ̀tun. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Àwòṣe Odò yarí. Ohun kan náà ló ń kọ sójú gíláàsì kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà títí ilẹ̀ fi ṣú: òun kò rí kọ̀ǹpáílà.

Ìyẹn ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe Afimúfínlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọdún mọ́kànlélógún ni obìnrin yìí fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìn tì, orúkọ ìnagijẹ yìí sì ti gbé orúkọ àbísọ rẹ̀ mì. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ kedere pé lọ́jọ́ Ẹtì, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹnìkan fi orúkọ Wáyà pa kọ̀ǹpáílà rẹ́. Ó bi Wáyà ní ìbéèrè kan ṣoṣo lójú gbogbo òṣìṣẹ́: "Yàtọ̀ sí ìwọ, ta ló tún ń fọwọ́ kan ibẹ̀?"

Wáyà sorí kọ́. Kò dáhùn.

Ni obìnrin náà bá gbé ohùn sókè. Ó ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ kì í wo ilẹ̀. Ó ní ọ̀bàyéjẹ́ ló wà níwájú wọn yìí, kí wọ́n wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín. Màdámù, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́, ní òun máa fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n máa fi lé e lẹ́nu iṣẹ́ ní aago méjì ọ̀sán.

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Afimúfínlẹ̀ mọ òwe náà ju ẹni tó kọ́kọ́ pa á lọ, ó ti fi bá àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́pàá wí láìmọye ìgbà. Lónìí, ẹjọ́ ẹnìkan pàápàá kò gbọ́ kó tó dájọ́. Ẹjọ́ ẹ̀rọ ló gbọ́. Ojú tì í débi pé ó dìde lọ ti ilẹ̀kùn yàrá tí òun nìkan wà.

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Kò tó wákàtí mẹ́ta mọ́ sí aago méjì.

*

Ó bá Wáyà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, nínú yàrá tí kò tóbi ju báluwẹ̀ lọ, tí okùn iná àti àwọn kọ̀ǹpútà tó ti kú kún inú rẹ̀. Ó ń kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí. Nígbà tó rí obìnrin náà, ó dìde dúró, ó sì dá ọwọ́ sẹ́yìn.

"Jókòó," ni Afimúfínlẹ̀ wí. Ó gbé okùn iná kúrò lórí àga fún un. "Jókòó, jọ̀ọ́. Níbo lo ti rí ìwé tó o kọ ọ̀rọ̀ rẹ sí?"

"Nínú apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mà. Ìwé tí wọ́n bá ti tẹ nǹkan sí ojú rẹ̀ kan, a kì í jù ú nù. Ẹ̀yìn rẹ̀ la fi ń kọ nǹkan wẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́."

"Ta ló ṣe òfin yẹn?"

"Bàbá Odò ni, mà. Wọn ò fẹ́ ìfiṣòfò."

Bàbá Odò ni àgbàlagbà tó kọ Àwòṣe Odò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀, Màdámù pàápàá a máa dìde tó bá wọlé. Afimúfínlẹ̀ kàn mi orí.

"Níbo lo wà láàárọ̀ Sátidé?"

"Ọsibítù, mà. Ojú ló ń dun ìyá mi. A débẹ̀ ní aago méje, ọ̀sán la kúrò. Ìwé tí wọ́n fún wa wà nílé."

Ó tẹ́ ojú ewé náà sórí páálí, ẹ̀yìn rẹ̀ lókè. "Kà á fún mi bí ẹni ń kà á fún òpè, torí òpè ni mo jẹ́ níbi ọ̀rọ̀ yìí."

Wáyà bẹ̀rẹ̀. Àkókò. Orúkọ odò. Iye òjò. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, ó dákẹ́.

"Kí ló dé?"

"Orúkọ kọ̀ǹpáílà nìyí, mà. Tuntun ni. Èyí tí mo gbé wọlé lọ́jọ́ Ẹtì." Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. "Ó túmọ̀ sí pé àwòṣe ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé."

"Ìwọ ṣáà lo pa ti àtijọ́ rẹ́."

"Bí a bá ń sọ ètò ìpìlẹ̀ dọ̀tun, ti àtijọ́ gbọ́dọ̀ lọ, mà. Tuntun ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀."

Lóòótọ́ ló kọ ọ́. Ìlà kẹta ló wà, ní ojú kejì ewé náà. Afimúfínlẹ̀ ti kà á kọjá lẹ́ẹ̀mejì torí pé ó ti dá ẹjọ́ tán kó tó kà á.

"Tí tuntun bá wà níbẹ̀, kí ló wá dé tí àwòṣe ní òun ò rí i?"

"Fáìlì kan wà tó ń tọ́ àwòṣe sọ́nà, mà. Òun ló máa sọ fún un pé ilé báyìí báyìí ni kọ̀ǹpáílà ń gbé. Lọ́jọ́ Ẹtì mo kọ àdírẹ́sì tuntun sínú rẹ̀. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ajé, ti àtijọ́ ló tún wà níbẹ̀. Ẹni tá à ń wá ti kó lọ sílé tuntun, ilé tó ti wó lẹ rán àlejò lọ."

"O ò tún un kọ?"

"Màdámù ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ títí ẹ ó fi dé."

"Ta ló yí i padà?"

Wáyà sorí kọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe láàárọ̀. "Bóyá èmi ni mo gbàgbé láti fi tuntun pamọ́, mà."

Irọ́ ni, kò sì mọ irọ́ pa. Ní àkókò yìí, Afimúfínlẹ̀ wo orí tó tẹ̀ ba náà dáadáa, ó wá rí ohun tó yẹ kó rí láàárọ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ a máa sọ̀rọ̀, a máa ṣàlàyé, a máa pe Ọlọ́run lẹ́rìí. Ẹni tó bá gbà kí wọ́n lé òun lẹ́nu iṣẹ́ láìsọ̀rọ̀, ẹnìkan ló ń dáàbò bò, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún gan-an.

"Má tíì kó ẹrù mọ́," ló sọ fún un, ó sì jáde kíá torí kò fẹ́ kó rí ojú òun.

*

Ìwé tí àwọn tó bá wọlé lópin ọ̀sẹ̀ ń fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ fún ọjọ́ Àbámẹ́ta: akọ̀wé Màdámù. Ó wọlé ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, ó jáde ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Inú Afimúfínlẹ̀ fẹ́ dùn. Akọ̀wé yìí wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín Wáyà láàárọ̀. Ó bá ara rẹ̀ wí lójú ẹsẹ̀. Àṣìṣe àárọ̀ ló tún fẹ́ ṣe yìí, ó ti ń dájọ́ kó tó gbọ́.

Ó bá akọ̀wé náà níbi tó ti ń to fáìlì.

"Ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ wá ṣe níbí ní Sátidé?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò wá."

"Orúkọ yín wà lẹ́nu ọ̀nà."

Fáìlì mẹ́ta bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ ba bí ẹni tó fẹ́ ṣa wọ́n, kò sì tètè dìde. Láti ìsàlẹ̀ tábìlì ló ti sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ fún Màdámù. Lẹ́tà ni mo wá tẹ̀. Mo ń wáṣẹ́ síbòmíràn."

"Lẹ́tà mélòó?"

"Mẹ́rìnlá."

"Ó dáa kẹ́ ẹ jẹ́ kó ku ilé-iṣẹ́ kan tí ẹ ò kọ̀wé sí." Afimúfínlẹ̀ nawọ́ fà á dìde. "N kò wá torí lẹ́tà yín. Ṣé ẹ bá ẹnìkan nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé?"

"Bàbá Odò nìkan. Ìwé ló há sí ẹ̀rọ lẹ́nu, wọ́n sì ń bínú sí i. Mo bá wọn fà á, ó jáde ní ìdajì. Wọ́n jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n tẹ òmíràn."

"Orúkọ wọn ò sí nínú ìwé ẹ̀ṣọ́."

"Bàbá Odò ló máa fọwọ́ síwèé?" Akọ̀wé fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà, mà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gba èyí tó pọ̀ jù nínú wa síṣẹ́."

"Báwo ni ojú wọn ṣe rí?"

Akọ̀wé ronú díẹ̀. "Mo kí wọn, wọn ò dáhùn. Mo rò pé wọ́n rí lẹ́tà mi ni, ẹ̀rù bà mí títí di ọjọ́ Ajé."

Afimúfínlẹ̀ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó gbé àwòṣe dìde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí ló lè mú kó tún dá a dùbúlẹ̀? Pátákó kan wà lára ògiri níwájú rẹ̀, wọ́n lẹ ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ará etí odò mọ́ ọn, láti ọdún pípẹ́ wá. Nígbà tí kò mọ ohun tí ì bá ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Iye òjò tó wà lórí ewé ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìròyìn ní tí irú òjò bẹ́ẹ̀ bá rọ̀, omi á ga dé mítà márùn-ún, kò ní wọ ilé kankan. Ewé ọwọ́ rẹ̀ ní mítà mẹ́fà ààbọ̀.

Odò kan náà, òjò kan náà, òǹkà méjì. Èyí kò gba ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó yí àdírẹ́sì padà kò bá kọ̀ǹpáílà jà rárá. Òǹkà tí kọ̀ǹpáílà tuntun bí ni kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí.

*

Yàrá Bàbá Odò mọ́ tónítóní. Àwòrán odò náà bo ògiri kan látòkè délẹ̀, ó sì ti fi pẹ́ńsù kọ òǹkà wẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sí ibi tí odò náà bá ti ṣẹ́ kọ́ná. Ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ nígbà tí Afimúfínlẹ̀ wọlé.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Ẹ káàsán, ọmọ mi. Ẹ jókòó."

"Ìbéèrè kékeré kan ni. Látìgbà tí wọ́n ti sọ kọ̀ǹpútà dọ̀tun, ṣé àwòṣe ti ṣiṣẹ́ rí?"

"Kò ṣiṣẹ́ rárá. Kò tiẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Afimúfínlẹ̀ fi ìdajì ewé náà síwájú rẹ̀. Bàbá Odò kò fọwọ́ kàn án. Ó gbé gíláàsì sójú, ó wò ó, ó sì tún yọ gíláàsì náà.

"Apẹ̀rẹ̀ yẹn," ló wí. "Èmi náà ni mo ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀."

Afimúfínlẹ̀ fa àga kan, ó jókòó. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí ẹnu ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kò níṣẹ́ kankan láti ṣe.

"Ọdún méjìdínlógún," ni Bàbá Odò wí. "Àpótí kan wà nínú ohun tí mo kọ, níbi tó yẹ kí n fi iye omi tó ti wà nínú ilẹ̀ sí kí òjò tó rọ̀. Mo gbàgbé, mo fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo. Kọ̀ǹpáílà àtijọ́ a máa bá mi fi òdo sí i láìsọ̀rọ̀, bíi pé ilẹ̀ gbẹ táútáú ní gbogbo ìgbà. Tuntun ò gbà. Ó ní lórí ìlà irínwó ó lé méjìlá, ẹ ò fi nǹkan kan sínú àpótí yìí. Mo fi iye tó yẹ sí i, mo ní kó tún un ṣe. Òun lẹ rí yẹn."

"Ẹ̀yin lẹ wá dá àdírẹ́sì àtijọ́ padà."

"Mo fẹ́ ráyè ronú ni. Mo rò pé wọ́n á dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn ni wọ́n máa mú." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ nígbà tẹ́ ẹ pè é ní ọ̀bàyéjẹ́. Èmi ni mo mú ọmọ yẹn wọ ilé-iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Bàtà mi ni mo ń wò."

"Ó mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ ń fọwọ́ kan fáìlì yẹn."

"Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Òun ló ń dùn mí jù." Ó gbójú sókè. "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ọmọ mi. Ẹ bá mi kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Wọn ò ní lé Wáyà, èmi náà á rọra tún ìlà yẹn ṣe. Ta ló máa jìyà?"

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọ̀rọ̀ náà wọ Afimúfínlẹ̀ létí. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ṣe é, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ló tan òun náà jẹ láàárọ̀. Kò ní sí ìdí tí òun á fi dúró níwájú ènìyàn mọ́kànlá sọ pé òun ṣi ènìyàn pè. Ó ro ọ̀rọ̀ náà fún bí ìṣẹ́jú kan gbáko, ìṣẹ́jú náà sì wà lára ohun tó ń tì í lójú títí dòní.

"Bàbá, ẹ̀sín kan náà ni èmi àti ẹ̀yin jọ ń sá fún," ló wí níkẹyìn. "Èmi ò ní sá mọ́. Tèmi ni n ó kọ́kọ́ sọ ní aago méjì. N kò ní dárúkọ yín. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́ títí màá fi sọ tèmi tán, tí wọ́n sì bi mí, màá gbé ewé yìí fún wọn."

*

Ní aago méjì, àwọn mọ́kànlá tún pé. Ìwé ìlénilẹ́nu-iṣẹ́ wà níwájú Màdámù. Wáyà dúró létí ilẹ̀kùn, páálí wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Afimúfínlẹ̀ dìde. Ó rí i dájú pé ohùn rẹ̀ ròkè tó ti àárọ̀. "Láàárọ̀, níbi tí mo dúró sí yìí, mo pe ọkùnrin yìí ní ọ̀bàyéjẹ́. Mo ní kẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó kọ ọ́ sínú ìwé, mo kà á, mi ò sì rí i torí pé mi ò fẹ́ rí i. Èmi ni kẹ́ ẹ wò báyìí."

Wọ́n wò ó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ta ló wá ṣe é?" ni Màdámù béèrè.

Afimúfínlẹ̀ kò wo ẹnikẹ́ni. Ewé náà wà lápò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà lórí rẹ̀ nígbà tí àga kan dún lẹ́yìn.

"Èmi ni," ni Bàbá Odò wí. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró, ìlà irínwó ó lé méjìlá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, gbogbo ìròyìn tó wà lára pátákó. Nígbà tó dé orí bó ṣe dákẹ́ láàárọ̀, ó kọjú sí Wáyà, ó sì tẹ orí ba fún un níwájú gbogbo wọn. Wáyà sáré wá dì í lápá kó má baà tẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Màdámù da ìwé ìlénilẹ́nu-iṣẹ́ dojú délẹ̀. Ó ní kí Wáyà lọ kọ àdírẹ́sì tuntun padà, kí akọ̀wé pe olórí àwọn ará etí odò lórí fóònù, kí ó sọ fún un pé mítà márùn-ún yẹn kì í ṣe òótọ́. Ó ní òun àti Bàbá Odò máa sọ ìyókù nínú ọ́fíìsì òun. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí Wáyà fi tún àdírẹ́sì náà kọ. Àwòṣe gbéra, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì sọ iye rẹ̀: mítà mẹ́fà ààbọ̀.

Afimúfínlẹ̀ dúró de Wáyà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Wáyà, mo bẹ̀ ọ́."

"Mo gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ sọ ọ́, mà. Àwọn mọ́kànlá náà gbọ́." Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi ò gbọ́. Wọ́n pè mí nígbà tí mo ń kó ẹrù, wọ́n béèrè ohun tó ṣe ohùn mi. Mi ò lè purọ́ fún wọn."

"Pè wọ́n. Gbé fóònù fún mi."

Wáyà pè wọ́n. Ohùn àgbà obìnrin kan ló dáhùn, ó ní ta nìyẹn.

"Èmi ni mo pe ọmọ yín ní ọ̀bàyéjẹ́ láàárọ̀ yìí, mà. Mo ṣì í pè. Kò ba nǹkan kan jẹ́, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ti mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Ó ń retí èébú. Ó fẹ́ èébú náà, ì bá fi mú ara fúyẹ́. Ìyá náà kò bú u.

"Ẹ dúró," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọmọ wa ò lè ṣe é. Wọ́n ní ọlọ́pàá kì í dédé mú ènìyàn. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti kọjú sí ògiri. Ẹ jẹ́ n gbé fóònù yìí sí wọn létí, kẹ́ ẹ tún un sọ."

Afimúfínlẹ̀ gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń wọ́ lọ, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí. Lẹ́yìn náà ni èémí àgbà ọkùnrin kan dé etí rẹ̀. Afimúfínlẹ̀ kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.